Bóò ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi tí mo bá dá ta fáyólìn lójú èrò: kí ni ṣíṣe?

Okùn_Mẹ́rin (Lágere, Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà níbí. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ìsìn kárólì ìjọ wa, wọ́n sì ti kọ orúkọ mi sílẹ̀ pé èmi ni màá dá ta fáyólìn láàárín ẹ̀kọ́ karùn-ún àti ìkẹfà. Orin náà ò le. Kíì D ló wà, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, kíbọ́ọ̀dù ni yóò máa gbè é. Nínú yàrá mi, kò sí ibi tó ń fún mi ní wàhálà nínú ẹ̀. Àmọ́ tí èèyàn márùn-ún péré bá ti jókòó síwájú mi, bóò (igi onírun tí mo fi ń ta á) á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí ohùn gígùn, pàápàá níbi tó yẹ kó rọra dún. Ìka ọwọ́ òsì á tutù, àtẹ́lẹwọ́ á sì máa làágùn. Mo tún máa ń sáré ju kíbọ́ọ̀dù lọ láìmọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí? Kì í ṣe "fọkàn balẹ̀" ni mo ń wá o, wọ́n ti sọ ìyẹn fún mi tó.

Bàbá_Kọ́írì (Ìsọkùn, Iléṣà)

O káre tó o tètè béèrè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ṣe nǹkan gidi. Ọ̀rọ̀ bóò ni màá dì mú ní tèmi, torí òun ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú jù, wọn kì í sì í ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn yé.

Kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ. Bí àyà èèyàn bá já, ara á tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á máa lù kìkì, ẹ̀jẹ̀ á fi ìka sílẹ̀ lọ sínú àwọn iṣan ńláńlá. Ohun tó ń mú ìka rẹ tutù nìyẹn. Àwọn iṣan apá tó yẹ kí ọ̀kan sinmi nígbà tí èkejì bá ń ṣiṣẹ́ á wá máa fà lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn. Fífà tí wọ́n jọ ń fà yẹn ló ń dá kún gbígbọ̀n. Wo bóò fúnra rẹ̀: ó gùn tó 74 tàbí 75 cm, kò sì wúwo ju nǹkan bíi 60 gíráàmù lọ. Bí ìka bá gbọ̀n díẹ̀ nídìí rẹ̀, yóò ti di ńlá kó tó dé orí. Àárín bóò ló tún burú jù, torí ibẹ̀ ni igi rẹ̀ ti ń ta jù. Ibẹ̀ náà la ti ń jẹ́ kó máa fò nígbà tá a bá fẹ́ kó fò.

Nítorí náà, ohùn gígùn, tó rọra, tó wà láàárín bóò, ibẹ̀ gan-an ni gbígbọ̀n fi ṣe ilé. Ohun tí ọ̀pọ̀ sì máa ń ṣe ni pé wọ́n á fún bóò mọ́wọ́ gbagidi kó má baà gbọ̀n, wọ́n á tún gbé e fúyẹ́ lórí okùn kí gbígbọ̀n náà má baà dún síta. Méjèèjì ló ń dá kún un. Bóò tí kò fara ti okùn dáadáa kò ní ohun tó dì í mú, ó di dandan kó máa fò.

Bẹ̀rẹ̀ látorí àtàǹpàkò ọ̀tún. Kó tẹ̀ síta díẹ̀ ní oríkèé, kó má nà gbọnrangandan. Àtàǹpàkò tó bá ti nà á fa ọrùn ọwọ́ le, ọrùn ọwọ́ á fa ìgbọ̀nwọ́, èjìká á gbéra sókè. Bó o ṣe máa dán an wò rèé: bó o ṣe ń fa bóò lórí okùn A (G, D, A àti E ni okùn mẹ́rin fáyólìn), yọ àtàǹpàkò kúrò lára igi fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, kó o dá a padà, láìjẹ́ kí ohùn náà dá. Bí bóò bá fẹ́ já bọ́, o ti ń fún un jù nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, jẹ́ kí ìwúwo apá rẹ wọ inú okùn. Mi ò ní kó o tẹ̀ ẹ́ o. Sọ èjìká kalẹ̀, jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ wúwo, kí ìwúwo náà gba ìka ìfábẹ̀lá kọjá sórí okùn. Níbi tí wọ́n bá ti kọ pé kó rọra, má ṣe gbé bóò fúyẹ́. Sún un díẹ̀ sápá fingerboard, ìyẹn pátákó tí ìka ń tẹ okùn mọ́, kó o wá fà á yára díẹ̀ sí i. Yóò rọra dún, kò sì ní gbọ̀n, torí bóò tó ń rìn kì í tètè gbọ̀n bí èyí tó ń fà tìkọ̀tìkọ̀.

Èyí wá kan ìwé orin rẹ. Gbogbo ohùn tí wọ́n so ìlù mẹ́jọ rẹ̀ pọ̀ sórí bóò kan, fi pẹ́ńsùlù pín in sí mẹ́rin-mẹ́rin lónìí, má dúró dọjọ́ ìsìn. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ nínú ìjọ, àmọ́ apá rẹ á mọ̀. Bẹ̀rẹ̀ orin náà pẹ̀lú bóò tó ń sọ̀kalẹ̀ (láti ìdí lọ sórí), nítòsí ìdí bóò, níbi tí ọwọ́ ti dì í mú. Gbé irun bóò lé okùn, dúró kó o mí lẹ́ẹ̀kan, kó o tó fà. Má ṣe bẹ̀rẹ̀ látinú afẹ́fẹ́ rárá.

Má sì fún irun bóò le jù. Ẹlòmíì á yí skúrù rẹ̀ títí igi á fi nà tán, á ní kó lágbára ni. Àyè tó wà láàárín igi àti irun níbi àárín bóò kò gbọ́dọ̀ ju ìnípọn pẹ́ńsùlù kan lọ.

Iṣẹ́ òòjọ́ rẹ: ìṣẹ́jú márùn-ún láràárọ̀, metronome (ohun tó ń ka ìlù) orí fóònù ní ìlù 60 ní ìṣẹ́jú kan, okùn A lásán, láìfi ìka tẹ̀ ẹ́. Fà á sọ̀kalẹ̀ fún ìlù 8, sókè fún ìlù 8. Tó bá ti dán, sọ ọ́ di 12. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, gun àtẹ̀gùn tàbí kó o fò lójú kan títí àyà rẹ á fi máa lù, kó o gbé fáyólìn lójú ẹsẹ̀, kó o ṣe ohun kan náà. Ohun tó ò ń kọ́ ni bí wọ́n ṣe ń fa bóò pẹ̀lú àyà tó ń lù, torí irú àyà bẹ́ẹ̀ lo máa gbé lọ síwájú ìjọ.

Ìyá_Àkọrin (Mọ̀dákẹ́kẹ́)

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ibì kan ni mi ò ti fara mọ́ yín: ọ̀rọ̀ bíbẹ̀rẹ̀ nítòsí ìdí bóò. Fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ìdí bóò máa ń wúwo jù, ohùn àkọ́kọ́ á ha gààrà, ìyẹn nìkan tó láti da ọkàn rẹ̀ rú fún ìlà mẹ́rin. Ibi tí bóò ti dọ́gba ni mo fara mọ́, ìyẹn nǹkan bíi 25 cm sí ìdí. Gbé bóò lé orí ìka kan ṣoṣo, ibi tí kò bá ti tẹ̀ sápá kankan nìyẹn. Fi ojú sàmì sí i.

Okùn_Mẹ́rin, ìwọ fetí sílẹ̀. Orin tó o mọ̀ nínú yàrá àti orin tó o mọ̀ lójú èrò, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Nínú yàrá, ìka ló ń rántí. Bí adrenaline bá dé, ìka á gbàgbé, orí ni yóò kù. Torí náà, pín orin rẹ sí apá mẹ́fà, kọ nọ́ńbà sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fún apá kọ̀ọ̀kan, mọ̀ ọ́n lórí: ohùn wo ló bẹ̀rẹ̀, ìka wo, okùn wo, bóò ń sọ̀kalẹ̀ tàbí ó ń gòkè. Kọ́ ọ láti apá kẹfà wá sẹ́yìn. Ẹni tó bá ń ti iwájú kọ́ orin máa ń mọ ìbẹ̀rẹ̀ dunjú, ìparí á sì mẹ́hẹ, bẹ́ẹ̀ ìparí ló rẹ̀ ẹ́ jù. Nígbà tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, jẹ́ kí ẹnì kan nínú ilé máa pe nọ́ńbà bó ṣe wù ú, "mẹ́rin!", "méjì!", kó o bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí o bá lè ṣe ìyẹn, ọ̀nà ò lè dí mọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Níbi tó o bá ti já, wàá fò sí nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e.

Sọ èyí fún ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú. Kó má dúró dè ọ́. Kó máa bá orin lọ, ìwọ ni wàá bá a ní ìbẹ̀rẹ̀ apá tó ń bọ̀. Àdéhùn yìí nìkan máa ń gbé ìdajì ẹ̀rù lọ.

Ní ti sísáré: adrenaline máa ń mú kí aago inú èèyàn yára, ìlù tó máa dà bíi pé ó fà lọ́kàn rẹ ni ìlù tó tọ́ gan-an. Má fi ìlà àkọ́kọ́ wọn ìlù rẹ, ìlà àkọ́kọ́ rọrùn jù. Wá ibi tí ohùn ti pọ̀ jù nínú orin náà, kọ ọ́ lọ́kàn ní ìwọ̀n tí ọwọ́ rẹ lè gbé, kó o wá fi ìwọ̀n yẹn bẹ̀rẹ̀. Kí kíbọ́ọ̀dù tó wọlé, gbọ́ báà méjì lọ́kàn pátápátá. Mí sínú lórí ìlù tó gbẹ̀yìn, kí ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù rí i pé èjìká rẹ gbéra díẹ̀. Àmì yín nìyẹn.

Ìdánrawò gidi wá ni pé kó o ta á látòkèdélẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìdúró, láìtún un ṣe, bó ti wù kó bàjẹ́ tó. Fi fóònù gbà á sílẹ̀. Iná pupa fóònù yẹn máa ń dẹ́rù bani ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì dára fún wa. Lẹ́yìn fóònù, ẹnì kan. Lẹ́yìn ẹnì kan, mẹ́ta. Kó o wá bẹ ọ̀gá kọ́írì pé kó fún ọ ní ìṣẹ́jú mẹ́rin níparí ìdánrawò akọrin, kó jẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì gan-an, lórí ibi tó o máa dúró sí. Bí ohùn ṣe ń padà bọ̀ látara ògiri nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣófo, kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí èrò bá kún ún. Aṣọ èèyàn máa ń mu ohùn. Lọ́jọ́ ìsìn, fáyólìn rẹ á gbẹ létí ara rẹ ju ti ìdánrawò lọ. Mọ̀ bẹ́ẹ̀, kó o má baà rò pé nǹkan ti bàjẹ́, kó o wá máa tẹ̀ ẹ́.

Bóyá o ń retí pé kí ẹ̀rù lọ pátápátá. Mi ò ní ṣèlérí ìyẹn fún ọ. Pablo Casals, ọmọ Sípéènì tó ta sẹ́lò káàkiri ayé, tó sì kú ní 1973, ẹ̀rù orí ìtàgé bà á títí dọjọ́ ogbó. Nígbà tí òkúta já lù ú lọ́wọ́ òsì lórí òkè kan ní Amẹ́ríkà ní 1901, òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé ohun tó kọ́kọ́ wá sí òun lọ́kàn ni ọpẹ́ pé òun ò ní ta sẹ́lò mọ́. Bó ti rí yẹn, ó jókòó, ó ta á. Ìmúrasílẹ̀ tó lè ru ẹ̀rù ni ká wá.

Alátùn-únṣe (Iléṣà)

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Ẹ̀rù kan wà tí kì í ṣe ti ọkàn rárá, ti ohun èlò ni. Oṣù Kejìlá lẹ ń sọ yìí, ọyẹ́ ti ń wọlé. Igi máa ń sún kì tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ: pẹ́ẹ̀gì (igi orí fáyólìn tá a fi ń yí okùn le) á máa yọ̀, okùn á máa tú sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ ó tún un ṣe tán ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ó dé iwájú, G á ti wálẹ̀. Ta ni ọwọ́ rẹ̀ ò ní gbọ̀n?

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ yọ pẹ́ẹ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan (ẹ má yọ méjì pọ̀ o, bridge, ìyẹn igi pẹlẹbẹ tó gbé okùn dúró, lè wó, igi kékeré tó wà nínú fáyólìn á sì ṣubú), ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé funfun pa á díẹ̀ níbi méjèèjì tó ti ń kan ihò, kẹ́ ẹ máa tì í wọnú bẹ́ ẹ ṣe ń yí i. Ní ìgbà òjò, òdìkejì ni: pẹ́ẹ̀gì á wú, á há, lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsùlù la sì ń fi pa á. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fi pẹ́ẹ̀gì yí okùn, ẹ fẹ̀gbẹ́ wo bridge. Ẹ̀yìn rẹ̀, níhà ibi tí okùn ti so, gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán. Gbogbo yíyí máa ń fà á tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ tó bá tẹ̀ jù ló máa wó, ariwo rẹ̀ sì máa ń dún bí ìbọn.

Bí àwọn skúrù kéékèèké bá wà nídìí okùn yín, ẹ yí wọn sí àárín kẹ́ ẹ tó fi pẹ́ẹ̀gì tún okùn ṣe, kí àyè lè wà láti gbé e sókè tàbí kẹ́ ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ ra okùn E kan pamọ́ sínú àpótí, òun ló ń tètè já. Ẹ dé ṣọ́ọ̀ṣì ní ìṣẹ́jú 45 ṣáájú, ẹ ṣí àpótí kí igi fara mọ́ afẹ́fẹ́ ibẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tó gba A lẹ́nu kíbọ́ọ̀dù. Kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pé 440 (ìwọ̀n ohùn A) ni kíbọ́ọ̀dù náà wà, ọmọdé lè ti tẹ transpose, bọ́tìnì tó ń gbé ohùn kíbọ́ọ̀dù sókè tàbí sílẹ̀.

Kí n sọ ti aṣọ, torí wọn kì í rántí. Apá agbádá máa ń wọ abẹ́ bóò. Bó bá jẹ́ agbádá lẹ fẹ́ wọ̀, ẹ bọ́ ọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dìde, kẹ́ ẹ fi bùbá ta á. Iyùn ọrùn máa ń kan ẹ̀yìn fáyólìn, a máa dún wọ inú gbohùngbohùn. Yẹtí gígùn létí òsì, kò dáa. Obìnrin tó bá wé gèlè, kí apá òsì rẹ̀ má fẹ̀ bò ó lójú, torí ojú gbọ́dọ̀ rí bóò níbi tó ti kan okùn. Bàtà tuntun náà, ẹ kọ́kọ́ fi dánra wò nílé. Aṣọ ọjọ́ náà lódindi ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìdánrawò tó gbẹ̀yìn.

Fáànù: ẹ wo èyí tó wà lókè orí yín. Á fẹ́ ìwé orin dànù ní ìlà kejì. Pẹ́ẹ̀gì aṣọ méjì, ọ̀kan lápá kọ̀ọ̀kan.

Okùn_Mẹ́rin

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti fi pẹ́ńsùlù pín gbogbo ohùn gígùn, mo sì ti rí i pé àtàǹpàkò mi ń nà. Ìbéèrè méjì ló kù. Ẹnì kan nínú kọ́írì ní kí n ra propranolol ní kẹ́mísì, kí n lo ẹyọ kan ní wákàtí kan ṣáájú, pé ọwọ́ ò ní gbọ̀n. Àwọn bàbá kan náà ní kí n jẹ obì kí ara lè dúró. Àti pé tí wọ́n bá mú iná lọ láàárín orin ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì_Olórin (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ má dán ìyẹn wò láìrí dókítà. Oògùn ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru ni propranolol. Lóòótọ́ ni pé àwọn olórin kan ń lò ó káàkiri ayé, torí ó ń dí ọ̀nà mọ́ adrenaline, ọkàn á rọra lù, gbígbọ̀n á dín kù. Àmọ́ ó lè pa ẹni tó ní ikọ́ fée, torí ó lè fún ọ̀nà èémí. Kò dáa fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù díẹ̀ jù, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń wálẹ̀. Ó tún lè fi àmì pé ṣúgà ti lọ sílẹ̀ pa mọ́ fún ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ. Dókítà nìkan ló lè sọ bóyá ó tọ́ sí yín àti iye rẹ̀, kódà nígbà tó bá fọwọ́ sí i, ẹ kì í fi ọjọ́ ìsìn dán an wò nígbà àkọ́kọ́. Ẹ̀rù tó bá pọ̀ débi tẹ́ ò fi ń sùn tàbí tẹ́ ẹ fi ń sá fún gbogbo èèyàn, ìyẹn tó ohun tí à ń lọ bá dókítà sọ, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Obì, rárá o, lọ́jọ́ náà. Káfíìnì wà nínú obì bó ṣe wà nínú kọfí àti àwọn ohun mímu agolo tó ń fúnni lágbára, ohun tí káfíìnì sì ń ṣe ni kó mú ọkàn yára, kó mú ìka gbọ̀n. Ó máa ń tó nǹkan bíi wákàtí márùn-ún kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára. Bí ìsìn bá jẹ́ aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀ látàárọ̀. Ẹmu àti ọtí náà, ẹ gbàgbé ẹ̀. Ọwọ́ lè dà bíi pé ó rọ̀, àmọ́ etí á ti kú. Ẹ jẹun ní nǹkan bíi wákàtí méjì ṣáájú, kó má jẹ́ iyán. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì àti omi tó.

Fún ìka tó tutù: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú bàsíà, kẹ́ ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ọrùn ọwọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ. Fún òógùn, áńkáṣíìfù òwú lórí àga. Ẹ má fi páúdà sí i, á lẹ̀ mọ́ fingerboard, á di ẹrẹ̀ pẹ̀lú òógùn. Ẹ má sì fi ìka kan irun bóò láé.

Èémí: ẹ gbà á símú fún kíka 4, ẹ tú u síta fún kíka 6 sí 8, ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Títú síta tó gùn yẹn ló ń mú kí ọkàn rọra lù. Àwọn tó ń mí sínú gidigidi lẹ́ẹ̀mẹ́wàá léraléra, òòyì ló máa ń kọ́ wọn. Ẹ ṣe é lórí ìjókòó nígbà tí wọ́n bá ń ka ẹ̀kọ́ karùn-ún, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Bàbá_Kọ́írì (Ìsọkùn, Iléṣà)

Ìyá Àkọrin, mo gba ti 25 cm yẹn. Fún orin tó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ̀yin lẹ tọ̀nà.

Okùn_Mẹ́rin, o ò béèrè ibi tójú rẹ máa wà, àmọ́ ó ṣe pàtàkì. Má wojú ẹnikẹ́ni, pàápàá jù lọ ojú àwọn tó o mọ̀. Ojú sórí ibi tí bóò ti kan okùn, etí sí kíbọ́ọ̀dù. Wo onígòjé tó ń tẹ̀ lé olórin sákárà: gbogbo etí rẹ̀ wà lára ohùn olórin yẹn, ìka rẹ̀ ń dá a lóhùn. Bí orin rẹ bá ní ọ̀rọ̀, máa kọ ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn bó o ṣe ń ta á. Ọkàn tó ń kọrin kì í ráyè ka iye èèyàn tó jókòó. Tí ohùn kan bá ṣì, má ṣe fajú ro, má mi orí. Ọ̀pọ̀ wọn ò gbọ́ ọ. Ojú rẹ ló máa sọ fún wọn.

Ní ti iná: ó ṣeé ṣe kí kíbọ́ọ̀dù dákẹ́ bí wọ́n bá mú un lọ, wọ́n sì lè má tíì tan jẹnẹrétọ̀ kí orin rẹ tó tán. Ẹ jọ fẹnu kò lónìí pé ìwọ kì í dúró. Kọ́ gbogbo orin náà láìsí kíbọ́ọ̀dù, kó o mọ iye ìlù tó wà níbi tí kíbọ́ọ̀dù ti ń dá tẹ̀, kó o lè ka wọ́n kọjá tàbí kó o gé wọn sí méjì. Bí iná bá dé padà, kí ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù má já wọlé láàárín ìlà. Kó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò pé ohùn kíbọ́ọ̀dù ò tíì yí padà, kó dúró de nọ́ńbà tó ń bọ̀ nínú àwọn mẹ́fà tí Ìyá Àkọrin ní kó o kọ, kó wọlé níbẹ̀. Kọ nọ́ńbà wọ̀nyẹn sínú ìwé tirẹ̀ náà, kó jẹ́ bírò pupa, torí ìmọ́lẹ̀ fóònù ló ṣeé ṣe kó fi kà á.